Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bùbá òfì tí èèyàn lè lù bíi gángan

Aránṣọ_Mókọ́lá
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aránṣọ ni mí, mi ò mọ nǹkan kan nípa iná. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń lu gángan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n sì fẹ́ ṣe ọjọ́ àṣà lásìkò ìkórè. Mo fẹ́ rán bùbá òfì kan fún un: bó bá fọwọ́ kan àyà aṣọ, kí ìlù dún, bó bá fún apá mọ́ra, kí ohùn rẹ̀ gòkè. Bọ́ọ̀dù wo, ìyẹn pátákó ẹ̀rọ kékeré tó máa darí iná àti ohùn, ni kí n rà? Ṣé ṣáìn-ṣáìn inú òfì lè gbé iná, àbí dandan ni kí n ra òwú mìíràn? Ẹ jọ̀ọ́, owó ọwọ́ mi ò pọ̀, mi ò sì tíì kọ ètò kọ̀ǹpútà rí.

AtúnRédíòṢe
Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Ẹ gbàgbé ti ṣáìn-ṣáìn. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, wọ́n kàn fi álúmíníọ́ọ̀mù pa á lára kó lè máa dán, wọ́n sì sábà máa ń fi ike mìíràn bo orí ìyẹn. Ẹ gbé mítà, ẹ̀rọ tó ń wọn iná, lé e, kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ẹwà.

Peckham_Ìyá
Àbúrò mi, kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ aṣọ ìtàgé ni mò ń ṣe níbí, ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí o fẹ́ ṣe yìí ti pẹ́ láyé. Nínú fíìmù eré Laurie Anderson, olórin ará Amẹ́ríkà, kan tó jáde lọ́dún 1986, aṣọ tí wọ́n rán ẹ̀rọ ìlù mọ́ ló wọ̀, ara rẹ̀ ló ń lù lórí ìtàgé. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Maggie Orth, Rehmi Post àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní MIT, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Amẹ́ríkà, fi òwú tó ń gbé iná ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí àyà jákẹ́ẹ̀tì Levi's, ibi iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ tí orin fi ń jáde. Èyí tó máa wu aránṣọ jù ni pé ọ̀gáńsà ni wọ́n fi ṣe wáyà rẹ̀, ọ̀gáńsà sílíìkì tí wọ́n hun irin mọ́. (Má lọ gé gèlè ìyá rẹ o! Pọ́líẹ́sítà ni ti ọjà wa.)

Ní ti bọ́ọ̀dù, LilyPad tí Leah Buechley ṣe, tí ilé iṣẹ́ SparkFun bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́dún 2007, ló ṣí ilẹ̀kùn fún àwa tí à ń ránṣọ, àmọ́ kò lè dá gbé ohùn tí èèyàn gbà sílẹ̀ jáde. Touch Board ti ilé iṣẹ́ Bare Conductive ní ojú ìfọwọ́kàn 12, orí káàdì kékeré ló ti ń ka MP3, kò sì sí ètò tí o máa kọ: o kàn máa sọ fáìlì ìlù rẹ lórúkọ tó ń retí ni. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á dùn ọ́. Circuit Playground Express ti ilé iṣẹ́ Adafruit ni mo máa ní kí o rà. Róbótó ni, fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ihò 14 ló yí i ká tí abẹ́rẹ́ ń gbà kọjá, 7 nínú wọn ló ń mọ ìfọwọ́kàn, sípíkà kékeré sì wà lójú rẹ̀ tí o lè fi dán an wò.

Tísà_Físíìsì
Mo gbè é, mà. Kí n fi ti abíyá kún un, nítorí ìfọwọ́kàn nìkan ò lè ṣe ibẹ̀. Ohun tí ẹ nílò ni Velostat, ọ̀rá dúdú kan tí èédú wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́ ni ọ̀nà ń là fún iná. Ẹ gé aṣọ tó ń gbé iná sí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ẹ fi Velostat sáàárín, kó yọ díẹ̀ jù wọ́n lọ létí kí aṣọ méjèèjì má baà kanra. Òwú ọ̀kan lọ sí ihò tí wọ́n kọ 3.3V sí lára bọ́ọ̀dù (ibẹ̀ ni iná ti ń jáde), ti èkejì lọ sí ihò A1 (ibẹ̀ ni bọ́ọ̀dù ti ń kà á). Ẹ wá fi resísítọ̀ 10K kan (ẹ̀yà kékeré tó ń dí iná lọ́nà, 10K ni ìwọ̀n ìdíwọ́ rẹ̀) so A1 pọ̀ mọ́ GND, ihò tí iná ń gbà padà. Tẹ́ ò bá fi resísítọ̀ yẹn sí i, nọ́ńbà tí bọ́ọ̀dù máa kà á kàn máa fò káàkiri ni. Bí àbúrò yín bá fún apá, nọ́ńbà á gòkè. Bó bá tú apá, á sọ̀ kalẹ̀. Tí ìyàtọ̀ rẹ̀ ò bá pọ̀, ẹ fi 4.7K tàbí 1K dípò.

Òwú irin (òwú tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe) kì í gba lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀, nítorí náà ẹ fi píláyà ká ẹsẹ̀ resísítọ̀ sí òrùka, kí ẹ rán an mọ́ aṣọ bí ìgbà tí ẹ ń rán bọ́tìnnì.

AtúnRédíòṢe
Òwú fàdákà ló dáa jù o, irin ń dí iná lọ́nà jù.

Peckham_Ìyá
Irin ni kó lò. Òógùn onílù lábẹ́ agbádá, nínú oòrùn Ìbàdàn? Fàdákà á dúdú kí ìkórè tó parí. Jíìkì tún máa ń bà á jẹ́.

Tísà_Físíìsì
Ibi tí òwú ń lọ ló máa yanjú ìjà yín. Iná tó ń gba ojú ìfọwọ́kàn kọjá kéré débi pé ìdíwọ́ inú òwú irin ò ní pa á lára, bẹ́ẹ̀ náà ni ti abíyá. Ibi tí ẹ̀gbọ́n AtúnRédíòṢe ti jàre ni sípíkà àti bátìrì: ẹ má fi òwú kankan ṣe ìyẹn, wáyà gidi tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ lò.

ỌmọÀyàn
Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀yin ń sọ ti òwú, ẹnìkan ò tíì béèrè ohun tí ìlù náà máa wí.

Àǹtí, ẹ má lọ wa ohùn ìlù kan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín lu gángan tirẹ̀ fúnra rẹ̀ níbi tó dákẹ́, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè, ẹyọ ìlù kọ̀ọ̀kan péré. Apá tó bá fún ló máa yan èyí tó máa dún nígbà tó bá fọwọ́ kan àyà. Pẹ̀lú mẹ́ta yẹn, á lè ki èèyàn. Kò ní lè yọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ọsán ara gángan gidi ṣe ń ṣe é o. Onílù tó gbọ́ iṣẹ́ máa mọ̀.

Ohun kejì: ẹ ò gbọ́dọ̀ lo sípíkà Bluetooth. Ohùn máa ń pẹ́ kó tó jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fetí sórin lásán lè má mọ̀, àmọ́ ẹni tó ń lù á fọwọ́ kan aṣọ, ìlù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn, àwọn omele yòókù á ti kọjá lọ. Sípíkà oníwáyà ni.

Ẹ̀kẹta, idẹ ni ṣaworo. Idẹ ń gbé iná! Ẹ fi òwú irin so ṣaworo mélòó kan mọ́ àyà aṣọ, kó jẹ́ pé àwọn ni ọwọ́ rẹ̀ máa kàn.

Tísà_Físíìsì
Ṣaworo yẹn wọ̀ mí lára gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ní ti yíyọ́ ohùn, bọ́ọ̀dù yìí lè fi okùn USB ránṣẹ́ MIDI (àṣẹ orin, kì í ṣe ohùn gan-an) sí fóònù, kí áàpù inú fóònù máa gbé ohùn gòkè sọ̀ kalẹ̀ bí apá ṣe ń fún. Ẹ jẹ́ kí ohùn mẹ́ta kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná. Fáìlì ohùn irú WAV ni kí wọ́n jẹ́, kí ẹ sì gbà wọ́n sílẹ̀ báyìí: mónò, bíìtì 16, 22,050 Hz. Ìṣẹ́jú àáyá kan ń gba nǹkan bíi 44 KB, gbogbo àyè tó wà lórí bọ́ọ̀dù ò sì ju 2 MB lọ, ẹyọ ìlù mẹ́ta á gbà á dáadáa. CircuitPython, èdè kọ̀ǹpútà kan, lẹ máa fi kọ ètò rẹ̀, nítorí MakeCode, èyí tí wọ́n fi ń to ètò bíi búlọ́ọ̀kù, kì í gbé WAV lórí bọ́ọ̀dù yìí. Ẹ má fòyà, màá kọ ọ́ síbí fún yín.

Aránṣọ_Mókọ́lá
Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti rán àpẹẹrẹ kékeré sórí ègé òfì, mo fi gọ́ọ̀mù-sítéè tì í lẹ́yìn, ó sì dún! Àmọ́ bí àbúrò mi ṣe gbé e sáyà báyìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún fúnra rẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Tísà_Físíìsì
Ara rẹ̀ ló ń fọwọ́ kàn án láti ẹ̀yìn. Nígbà tí bọ́ọ̀dù bá tàn ló máa ń wọn ohun tó wà nílẹ̀, ohun tó bá lé lórí ìyẹn ló ń kà sí ìfọwọ́kàn. Kó wọ aṣọ tán kí ẹ tó tan iná sí i. Bó bá ń ṣe ségesège lórí ìtàgé, kó tẹ bọ́tìnnì reset, kí bọ́ọ̀dù lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Peckham_Ìyá
Fi fóòmù pẹlẹbẹ tàbí ipele òfì méjì sáàárín ojú ìfọwọ́kàn àti ara. Òwú tó ń lọ sí bọ́ọ̀dù náà ń mọ ìfọwọ́kàn, kì í ṣe ṣaworo nìkan, nítorí náà gba inú aṣọ, kí ó kúrú, kí o sì fi aṣọ bò ó. Níbi tí òwú méjì bá ti fẹ́ dábùú ara wọn, fi ègé aṣọ sí àárín. Lórí máṣínnì, inú bọ́bìnì ni kí òwú irin wà, òwú lásán lókè, kí o dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Irin máa ń tú lójú kókó: kán kútẹ́ẹ̀sì sí gbogbo kókó, kó gbẹ kó o tó gé ìrù òwú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìrù yẹn á lọ kan èkejì.

Aránṣọ_Mókọ́lá
Ó ti dákẹ́, mà! Ó kù bátìrì àti fífọ̀. Ṣé páwà báǹkì lè ṣe é?

AtúnRédíòṢe
Iná tí bọ́ọ̀dù yẹn ń jẹ kéré, ọ̀pọ̀ páwà báǹkì á rò pé kò sẹ́ni tó ń lò ó, á sì kú láàárín orin. Ẹ lo bátìrì AAA mẹ́ta nínú àpótí tó ní bọ́tìnnì ìtàn, àpò ẹ̀yìn ìbàdí ni kó wà, kì í ṣe abẹ́ abíyá. Ẹ má fi bátìrì fóònù ṣe é, ara ẹni tó ń jó ijó ló máa wà, bátìrì tó bá tẹ̀ léwu.

Peckham_Ìyá
Fi bọ́tìnnì alátẹ̀ onírin gbé bọ́ọ̀dù mọ́ aṣọ, kó lè máa yọ. Sípíkà àti Velostat náà yọ kúrò. Fi ọwọ́ fọ ìyókù nínú omi tútù, má fún un, tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ. Kí o tó dá bọ́ọ̀dù padà, fi mítà tọpa òwú kọ̀ọ̀kan láti ṣaworo dé ihò rẹ̀.