Gajakesari ọmọ mi: ṣé ó ṣì lágbára?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìwòràwọ̀ àwọn ará Íńdíà. Ọ̀sán Kérésìmesì 2020 la bí ọmọbìnrin mi. Màmá ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ ọmọ Íńdíà, ya àtẹ ìràwọ̀ rẹ̀, wọ́n ní Gajakesari, ìyẹn àmì oríire tó máa ń wáyé látinú ibi tí Júpítà àti Òṣùpá bá wà síra wọn, wà níbẹ̀: Òṣùpá wà ní Mesha (àmì Àgbò), Júpítà wà ní Makara (àmì Ewúrẹ́), tó jẹ́ ilé 10 téèyàn bá kà á láti ibi tí Òṣùpá wà. Inú mi dùn gan-an, torí wọ́n ní ọlọ́gbọ́n tó níyì láwùjọ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń dà.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé Makara yẹn gan-an ni agbára Júpítà ti máa ń relẹ̀ jù. Àmọ́ Sátọ́ọ̀nù tó ni Makara jókòó tì í níbẹ̀. Ní 21 Dísẹ́ńbà ọdún yẹn, ńṣe làwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra lójú ọ̀run. Ṣé ìyẹn tó láti fagi lé àìlera Júpítà? Nínú ìṣirò Vimshottari, tó ń pín ọdún ayé èèyàn fáwọn ìràwọ̀ láti jọba lé lórí, sì rèé, ọdún 16 tí Júpítà máa fi jọba kò ní dé títí ọmọ náà á fi lé lẹ́ni 50 ọdún. Ṣé ó dìgbà yẹn ká tó rí èso rẹ̀ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú àtẹ yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.