Psoriasis (àrùn awọ ara) ni mo ní, ọwọ́ mi sì ti ń kú lóru. Ṣé ó lè ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni mo wà, aṣọ ni mò ń rán. Ó pẹ́ tí psoriasis ti wà ní ìgbọ̀nwọ́, orúnkún àti agbárí mi. Lára dúdú wa yìí, kì í pọ́n bíi ti àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó máa ń ṣú ni, ìpẹ́ funfun á wá bò ó. Nígbà tó yá, ìka mi ń wú, èékánná mi sì lu ihò wẹ́wẹ́ bíi pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Dókítà ní psoriatic arthritis ni, ìyẹn àrùn oríkèé tó ń bá psoriasis rìn. Oògùn methotrexate ni mò ń lò fún un, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Oríkèé ti rọ̀ mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá sùn, àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún mi á kú, á sì máa ta mí, àfi kí n dìde gbọn ọwọ́. Lọ́sàn-án, abẹ́rẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ mi láìmọ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì náà ń jó mi. Aládùúgbò kan ní ẹ̀tẹ̀ ni, ó ti sọ ọ́ káàkiri, àwọn oníbàárà kan ò sì wá mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ.

Nọ́ọ̀sì Leeds
Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ yẹn dùn mí. Àbàwọ́n ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kú: wọ́n lè fi òwú kàn án kí ẹni náà má mọ̀. Ti psoriasis máa ń yún ni, kì í sì í ràn. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnu wọn lè pa. Ẹ̀tẹ̀ pàápàá ní oògùn tó ń wò ó sàn.

Ìka mẹ́ta tí ẹ kà yẹn, iṣan ìmọ̀lára kan ló ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ọ̀nà tóóró ló gbà kọjá lọ́rùn ọwọ́. Tí oríkèé ibẹ̀ bá wú, á fún un mọ́lẹ̀. Carpal tunnel syndrome ni wọ́n ń pè é. Ìdè ọrùn ọwọ́ tó ní irin pẹlẹbẹ nínú, tí ẹ ó máa wọ̀ sùn, lè ràn yín lọ́wọ́. Bí kò bá lọ, abẹ́rẹ́ steroid, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, wà, iṣẹ́ abẹ náà wà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, ẹran ìdí àtàǹpàkò lè rù dànù.

Ti ẹsẹ̀ méjèèjì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Àtọ̀gbẹ máa ń wọ́pọ̀ lára àwa tó ní psoriasis, òun ló sì ń ba iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ jẹ́ jù. Ẹ ṣe HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ fi ti fítámìnì B12 kún un. Ṣé ẹ ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tó lè dín B12 kù?

Bọ̀dé Ṣágámù
Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò fún dókítà. Leflunomide ni wọ́n fún èmi fún oríkèé, ẹsẹ̀ mi wá ń kú. Dókítà yí i padà, ó sì rọlẹ̀. Àmọ́ ẹ má dá ti yín dúró fúnra yín. Ẹ sì ṣọ́ra fún oògùn làkúrègbé tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò: steroid wà nínú òmíràn, bí wọ́n bá dá a dúró lójijì, psoriasis lè ru gùdù.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣeun gan-an. N kò lo metformin, n kò sì yẹ ṣúgà wò rí, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ ń yọ ìyá mi lẹ́nu. Ṣé iṣẹ́ yìí kọ́ ló fà á? Sísọ́ọ̀sì ń rẹ ọwọ́ mi gan-an.

Nọ́ọ̀sì Leeds
Ó lè dá kún un mà, ẹ máa sinmi ọwọ́ láàárín iṣẹ́. Ẹ lọ yẹ ṣúgà wò lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín lálaalẹ́, ẹ gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ má sì rìn láìwọ bàtà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí abẹ́rẹ́ ilẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá rọ lójijì, tàbí ẹ kò lè di ìtọ̀ mú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn.