Ìtutù ẹ́ńjìnnì kọ́, ìyọ-ooru ni

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Bódìjà. Ẹni wa tí ó ń túmọ̀ ìwé ìtọ́jú alùpùpù orí òjò dídì àtijọ́, irú Ski-Doo tí ilé-iṣẹ́ Bombardier gbé jáde ní Kánádà ní 1959, dábàá pé kí á máa pe ètò tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná jù ní "ìtutù ẹ́ńjìnnì", kí á sì máa pe ohun tí aago rẹ̀ ń fi hàn ní "ìwọ̀n ìtutù". Mo mọ rírì iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Ohun tí a bá ní ó tutù, bí omi àmù, kò ní ooru lára mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tí ó gùn ún bá tẹ iná mọ́ ọn kí irin tó yá, písítìnnì yóò tètè gbóná, yóò wú ju sìlíńdà tí ó yí i ká lọ, yóò sì há síbẹ̀. Ìwé tí ó bá ní kí á máa wá "ìtutù" nínú òtútù Kánádà yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Iṣẹ́ ètò náà ni láti mú ooru tí ó pọ̀ jù kúrò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí kò ní rédíétọ̀ rárá. Atẹ́gùn ni ó ń gba àárín àwọn irin pẹlẹbẹ ara sìlíńdà kọjá, bí ti ọ̀kadà Mọ́kọ́lá, yálà atẹ́gùn eré ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tàbí èyí tí fáànù ń fẹ́. Ẹnì kan pe àwọn irin náà ní "ìpẹ́". Ó dùn mọ́ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpẹ́ ẹja a máa lẹ̀ mọ́ra, tí irin wọ̀nyí sì ya ara wọn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè ráyè. Nínú àwọn tí ó ń lo omi, òjò dídì tí ọkọ̀ ń fọ́n sábẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń gba ooru náà. "Ìyọ-ooru" bá gbogbo wọn mu.

Ní ti aago, "ìwọ̀n ìgbóná" ni mo fara mọ́. Mẹkáníìkì tí mo bi ní Géètì dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé, "Ẹ wò ó bóyá ó ti gbóná jù." Àwọn kan ń sá fún ọ̀rọ̀ náà nítorí àrùn ilẹ̀gbóná, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní 1980 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀, a sì ń sọ "ìgbóná ara" nílé ìwòsàn lójoojúmọ́.

Ohun kan kù. Òrùka kan wà tí a ń fi sábẹ́ púlọ́ọ̀gì láti wọn ooru irin, ọ̀pá kékeré kan sì wà tí a ń tì bọ inú páìpù èéfín. Ooru èéfín ga ju ti irin lọ jìnnà, nítorí náà kí atúmọ̀ wa kọ "ìgbóná orí sìlíńdà" fún ti àkọ́kọ́, kí ó sì kọ "ìgbóná èéfín" fún èkejì.