Git ò mọ̀ mí mọ́ látìgbà tí mo ti dé Ifẹ̀

Ọmọ Ẹnuwá, Jámánì:
Ẹ kú àjò o, gbogbo ọmọ Ifẹ̀ tó wà lẹ́yìn odi. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́jọ tí mo ti wà nílé, mo wá tọ́jú màmá mi tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún. Ọ̀gá mi gbà kí n máa ṣiṣẹ́ láti ibí, mo sì gbé láptọ́ọ̀pù ibi iṣẹ́ dání. Windows ni, Git ni mo sì fi ń tọ́jú kóòdù tí mo ń kọ. Ní Jámánì, kò yọ mí lẹ́nu rí. Ṣùgbọ́n níbí, tí VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó so mí mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé iṣẹ́) bá wà lórí, tí mo ṣí Git Bash, fèrèsé tí mo ti ń tẹ àṣẹ fún Git, ó ń lọ bí ìṣẹ́jú méjì kó tó jẹ́ kí n tẹ nǹkan kan. Tí mo bá pa VPN, ó máa yá, àmọ́ tí mo bá fẹ́ ṣe commit, ìyẹn kí Git fi iṣẹ́ mi pamọ́ pẹ̀lú orúkọ mi, á ní: Please tell me who you are (jọ̀ọ́, sọ ẹni tó o jẹ́). Ó tún ní òun ò rí kọ́kọ́rọ́ SSH mi, fáìlì tí sáfà fi ń dá mi mọ̀. Lánàá wọ́n mú iná lọ ní agogo mẹ́ta, ráwútà kú, mo kàn jókòó ti iṣẹ́ tó yẹ kí n ti fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú èyí?

Ọmọ Ìlódè, Manchester:
O kú ìtọ́jú màmá o, àbúrò. Olúwa á fún wọn ní ìlera. Tan VPN, ṣí Git Bash, tẹ echo $HOME, kó o sọ ohun tó kọ fún wa.

Ọmọ Ẹnuwá, Jámánì:
/h ló kọ, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ Ìlódè, Manchester:
Mo ti fura. Git, ssh àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ilé rẹ, ìyẹn fódà tìrẹ tí wọ́n ń pè ní HOME, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wá tí o bá pè wọ́n. Inú ilé yẹn ni .gitconfig tó mọ orúkọ rẹ wà, ibẹ̀ ni fódà .ssh tó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ wà, ibẹ̀ ni .bashrc tó ní ètò Bash rẹ wà. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ HOME fún Git lórí Windows, á lọ wo HOMEDRIVE àti HOMEPATH, níbi tí Windows kọ àdírẹ́sì ilé rẹ sí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń darí méjèèjì yìí sí H:, H: yìí ò sì sí nínú láptọ́ọ̀pù rẹ rárá, orí sáfà ilé iṣẹ́ yín ló wà. Gbogbo ìgbà tí o bá ṣí terminal ní Ifẹ̀, ó ń gba inú VPN lọ sí Jámánì lọ ka fáìlì kékeré, á tún padà wá. Nígbà tí o wà lọ́hùn-ún, ọ̀nà kúrú, o ò lè mọ̀.

Tí VPN bá wá kú, H: ti lọ nìyẹn. Git á yà sí USERPROFILE, ìyẹn fódà orúkọ rẹ nínú C:\Users. Kò bá .gitconfig kankan níbẹ̀, ló bá ní kó o wá sọ ẹni tó o jẹ́.

Tan VPN lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o kó ẹrù rẹ wá sílé:
cp -r /h/.ssh /h/.gitconfig /h/.bashrc "$USERPROFILE"
Lẹ́yìn náà ṣí Command Prompt, má lo PowerShell, bó ṣe ń kọ tiẹ̀ yàtọ̀:
setx HOME "%USERPROFILE%"
Kò nílò àṣẹ admin, torí orúkọ tìrẹ nìkan ló máa wà fún. Ṣùgbọ́n kọ létà kékeré sí àwọn IT, àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ yín, kó o tó ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní àkọsílẹ̀ àṣẹ (script) tó máa ń yí i padà láràárọ̀ tí o bá wọlé.

Màmá Ìbejì, Houston:
Mo fara mọ́ ti HOME, bọ̀dá, àmọ́ mi ò fara mọ́ kí ó da kọ́kọ́rọ́ kọ. Iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Kọ́kọ́rọ́ kan tó wà níbi méjì, o ò ní mọ èyí tó jò. Ọmọ mi, fi .ssh sílẹ̀. Tí HOME bá ti dúró, tẹ ssh-keygen -t ed25519, fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà, fi èyí tó ní .pub, ìyẹn apá tí gbogbo ènìyàn lè rí, nìkan sórí sáfà, kó o wá yọ ti àtijọ́ kúrò níbẹ̀. Má sì jẹ́ kí .ssh wọ inú OneDrive, ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti Microsoft, láé.

Ọmọ Ìlódè, Manchester:
Òótọ́ lẹ sọ, àǹtí. Mo yọ .ssh kúrò nínú ohun tí mo ní kó dà kọ. Nǹkan kan tún kù: ilé iṣẹ́ sábà máa ń ṣe ẹ̀dà H: pamọ́, wọn kì í ṣe ti C:. Nítorí náà iṣẹ́ tó o bá ṣe, tètè máa push rẹ̀, ìyẹn kó o fi ránṣẹ́ sórí sáfà.

Ọmọ Ìrèmọ, Kánádà:
Tèmi jọ ọ́, Linux ni. Ní yunifásítì, fódà ilé (HOME) tí wọ́n fún mi kéré, ó kún fọ́fọ́, mi ò lè wọlé mọ́. Mo tẹ du -sh ~/.[!.]* | sort -h, mo rí i pé .cache ló jẹ ẹ́ tán, pip, tó ń gbé ohun èlò Python wá, ló ń kó nǹkan síbẹ̀. Mo fi export XDG_CACHE_HOME, tó ń sọ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa wà, sínú .bashrc, mo darí rẹ̀ sí dísíìkì ńlá tí wọ́n fún wa, ọ̀rọ̀ parí.

Ọmọ Ẹnuwá, Jámánì:
IT ti dáhùn, wọ́n ní kí n ṣe é. Mo pa VPN, mo ṣí Git Bash, kí n tó gbọ́wọ́ kúrò ó ti ṣí. git config --list --show-origin fi hàn pé inú C: ló ti ń ka orúkọ mi. Mo ṣe commit mẹ́ta láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, mo tan VPN ìṣẹ́jú márùn-ún, mo push. Àmọ́ VS Code tí mo fi ń kọ kóòdù ṣì ń wá /h.

Ọmọ Ìlódè, Manchester:
Ó ti wà ní ṣíṣí kó o tó yí i. Pa gbogbo fèrèsé rẹ̀ pátápátá, kó o tún un ṣí.

Ọmọ Ẹnuwá, Jámánì:
Ó ti ń ṣiṣẹ́! Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, àǹtí. Wọ́n ti yọ báńdéèjì ojú màmá láàárọ̀ yìí. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí wọn létí, wọ́n ní kí n bi yín pé ọmọ ilé ta ni yín ní Ìlódè.