Bí iṣan ọrùn-ọwọ́ bá ṣì ń lù, ṣé ewu ti kọjá lára ọmọ tí apá rẹ̀ kán?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Karùn-ún:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé ọmọkùnrin ọmọ ọdún 6 kan wá sí wọ́ọ̀dù wa, tó já bọ́ lórí igi máńgòrò, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀. Eegun apá rẹ̀ kán lókè ìgúnpá, ibi tí a ń pè ní supracondylar, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun lóru, wọ́n sì ti fi ọparun pẹlẹbẹ àti aṣọ dì í pinpin. Mo fọwọ́ kan iṣan ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, ó ń lù dáadáa, mo sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé ẹ̀jẹ̀ ń lọ geere. Nígbà tí ọ̀gá wa dé, wọ́n rọra bá a na ìka, ọmọ náà figbe ta. Wọn kò dúró de X-ray kí wọ́n tó fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo ìdì náà títí dé awọ. Kí ló dé tí wọ́n fi kánjú tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí iṣan ṣì ń lù?

Dókítà Eegun:
Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè. Inú àpò líle tí a ń pè ní fascia ni ẹran ara tó wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn-ọwọ́ wà, àpò náà kì í sì í fẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ àti omi bá ń sun sínú rẹ̀, tí ìdì sì tún há a mọ́ láti ìta, agbára tó ń fún inú rẹ̀ pọ̀ á máa ga. Ká ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jẹ́ 100 lórí 60, tí ti inú àpò sì ti di 35. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fi agbára 100 bọ̀ á ṣì gba inú iṣan ńlá kọjá, ìka rẹ á sì máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń bọ́ ẹran ara ti ń pa dé. Bí 60 yẹn bá fi ohun tí kò tó 30 ju ti inú àpò lọ, compartment syndrome ni a ń bá jà, bó bá sì fi lé ní wákàtí 6 sí 8, ẹran ara lè kú pátápátá. Ẹni tó bá ń dúró kí iṣan dákẹ́ ti pẹ́ jù.

Ní ti igbe yẹn, ẹran ara tó ń ká ìka àti àtàǹpàkò ló jìn jù, tó fara ti eegun, òun ló sì ń kọ́kọ́ jìyà; bí wọ́n ṣe na ìka ọmọ náà, òun ni wọ́n fà. Bó bá kú, á sún kì, ọwọ́ á sì ká kò bí èékánná ẹyẹ. Ní ọdún 1881, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Volkmann ní Jámánì ti kọ̀wé nípa rẹ̀, ìdì tó há jù ló sì di ẹ̀bi rù.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:
Ọmọdé kò ní sọ fún yín pé ọwọ́ òun kú tipiri. Bó bá ń janra, tí kò gba ìtùnú ìyá rẹ̀, tó sì ń fẹ́ oògùn ìrora kí àkókò rẹ̀ tó pé, ẹ tètè pe dókítà. Ẹ má sì bú àwọn òbí o. Mo ti rí POP tiwa náà, ìyẹn ẹfun tó máa ń gan le, tí a fi yí apá tó ṣì ń wú po, tó ṣe bákan náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Karùn-ún:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ náà kò lè fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ṣe òrùka. Ṣé ara rẹ̀ nìyẹn?

Dókítà Eegun:
Ó lè jẹ́ anterior interosseous nerve, ẹ̀ka median nerve (nerve ni okùn tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ ọpọlọ kiri ara) tí eegun tó kán lọ́nà yìí sábà máa ń pa lára; awọ kì í kú tipiri nítorí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbójú fò ó. Ṣùgbọ́n bí median nerve fúnra rẹ̀ bá fara pa, ọmọ náà lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tí ẹran ara rẹ̀ ń kú lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó to eegun náà, yẹ òrùka yìí wò, kí o sì kọ ohun tí o rí sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá gé ìdì, a ó gbé apá sí ìwọ̀n ọkàn, a kò ní fi kọ́ sókè, torí pé bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ á tún dín kù. Bí ìrora kò bá rọlẹ̀ láìpẹ́, tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ, ló kù, kí wọ́n la fascia náà. Kọ aago tí wọ́n dì í àti aago tí ẹ tú u sínú fáìlì náà pẹ̀lú.