Ariwo orí àwọn ọmọ draft yìí, ṣé ó yẹ kó kó wa láyà sókè?

Ìyá Dáre, Calgary:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọkùnrin mi ń gbá họ́kì orí yìnyín, ọmọ ọdún 13 ni. Àtìgbà tí wọ́n ti gbé orúkọ àwọn tí wọ́n máa mú nínú draft NHL jáde, ìyẹn ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì họ́kì tó ga jù máa ń yan àwọn ọ̀dọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni kò ti sọ ọ̀rọ̀ míì mọ́. Bàbá kan wá sọ níṣojú ẹ̀ pé ọmọ tí orúkọ ẹ̀ ò bá tíì jáde ní ọdún 15, kó yáa gbàgbé ẹ̀. Ó dùn mí wọra. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ eré yìí, ṣé òótọ́ ni?

Adé Edmonton:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ma. Kò sóòótọ́ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ wa kan. Lọ́dún 1995, Edmonton níbí ni wọ́n ti ṣe draft. Jarome Iginla, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ Yorùbá, St. Albert tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ló dàgbà sí. Nígbà tó kan Edmonton láti mú ẹnì kẹfà, àwọn èrò ń pariwo orúkọ Shane Doan, àwọn ọ̀gá sì mú Steve Kelly. Wọ́n mú èèyàn mẹ́wàá tán kó tó kan Iginla. Dallas ló mú un, December ọdún náà ni wọ́n sì ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ fún Calgary. Góòlù Kelly ní NHL ò pé 10. Ti Iginla jẹ́ 625.

Ti ọdún 15 tí bàbá yẹn ń sọ ńkọ́? Pavel Datsyuk, tó wá di ìràwọ̀ ní NHL, ti ń sún mọ́ 20 nígbà tí Detroit mú un lọ́dún 1998, ẹni 171 ló sì ṣe.

Ọlá_Chicago:
Ẹ̀gbọ́n Adé, ẹ má bínú, ariwo tí wọ́n ń pa lórí àwọn ọmọ yìí náà máa ń jóòótọ́. Connor Bedard gbá góòlù 71 nínú ìdíje 57 fún Regina, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní Kánádà. Àwa Chicago la mú un ní ẹni àkọ́kọ́ ní 2023, ó sì gba Calder, àmì ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó dáa jù. Connor McDavid, tí wọ́n ti ń pariwo orúkọ tiẹ̀ náà láti kékeré, ńkọ́?

Adé Edmonton:
Àbúrò, mi ò bá ẹ jiyàn lórí àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n wo Shane Wright. Àtìgbà tí wọ́n ti yọ̀ǹda fún un láti wọ OHL, líìgì àwọn ọ̀dọ́ ní Ontario, ní ọmọ ọdún 15 ni wọ́n ti ń pè é ní ẹni àkọ́kọ́ fún 2022. Kòrónà dé, OHL ò gbá sáà 2020–21 rárá, síbẹ̀ wọn ò yé fọnrere. Ọjọ́ draft pé ní Montreal, Montreal mú Juraj Slafkovský, New Jersey àti Arizona náà mú ẹlòmíì, Seattle ló wá mú Wright ní ẹnì kẹrin. Ẹnì kẹrin nínú gbogbo àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀! Ọmọ míì ì bá jó, ṣùgbọ́n bíi pé ó ṣubú ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bó ṣe wo tábìlì Montreal nígbà tó ń kọjá ni wọ́n wá sọ di ọ̀rọ̀ kiri. Ọmọ ọdún 18! Ó ń bí mi nínú títí dòní.

Ìyá Dáre, oṣù wo lẹ bí i?

Ìyá Dáre, Calgary:
November ni, sà. Òun ló kéré jù láàárín wọn.

Adé Edmonton:
Mo rò bẹ́ẹ̀. January ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ orí nínú họ́kì ọmọdé ní Kánádà. Èyí tí wọ́n bí ní January fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan ju ọmọ yín lọ, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n sì jọ wà. Èyí tó tóbi ni kóòṣì máa ń mú, òun ló máa ń pẹ́ lórí yìnyín, òun náà lojú àwọn tó ń wá ọmọ kiri máa ń tó. Ẹ jẹ́ kó máa gbá lọ, ma. Kò tíì dàgbà tán.