Kẹ́tù kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ìyá Ìbejì, Ẹbùtẹ́ Mẹ́ta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí láti ọjọ́ Àìkú. Mo fọ́ ìkòkò tíì màmá mi.

Táńganran funfun ni, òdòdó búlúù wẹ́wẹ́ yí i lára ká, àwọ̀ wúrà tó wà létí ọmọrí rẹ̀ ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó wọn ni. Láti kékeré la ti ń wò ó nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a kì í fọwọ́ kàn án. Tí àlejò bá bá wọn dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, màmá mi á gbé kẹ́tù sílífà kaná. Tí omi bá hó, wọ́n á kọ́kọ́ bu díẹ̀ sínú táńganran yẹn, wọ́n á mì ín káàkiri, wọ́n á dà á nù, kí wọ́n tó wá ju ewé tíì sí i, kí wọ́n sì da omi tó hó lé e. Wọ́n á dé e fún bí ìṣẹ́jú 4 tàbí 5. Mo rò pé fáàrí àwọn àgbà ni.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, èmi ni mo wà ní kíṣìnì. Wọ́n ń fi kẹ́tù se ewé àgbo lọ́wọ́, n ò fẹ́ dúró. Mo bu omi tútù sínú ìkòkò tíì, mo gbé e lé gáàsì. Kò pẹ́ rárá tí mo gbọ́ “pá!” Ìdí rẹ̀ já bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, omi pa iná, òórùn gáàsì gba kíṣìnì kan. Màmá mi sáré wọlé. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Kò jó ẹ? Kò bọ́ sí ẹ lẹ́sẹ̀?” Wọ́n pa gáàsì, wọ́n ṣí fèrèsé. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa àfọ́kù náà lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìró wọn.

Ó ti wá yé mi. Ooru kì í tètè rìn nínú táńganran. Ìdí tó wà lórí iná ti gbóná, ó ń fẹ̀. Ara tó gba omi tútù dúró bó ṣe wà. Ni wọ́n bá fa ara wọn ya. Omi tí màmá mi máa ń mì káàkiri nínú rẹ̀ kì í ṣe fáàrí, wọ́n ń mú un mọ́ra fún ooru ni. Kẹ́tù ló ń se omi, ìkòkò tíì kàn jẹ́ ibi tí ewé ti ń rẹ ni. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kaná.

Ọmọ Mushin

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ewu. Tèmi, kẹ́tù oníná ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba yàrá tèmi, jẹnẹrétọ̀ kékeré tá a ń pè ní “I better pass my neighbour” ni mo ní. Ó ń gbé fáànù, gílóòbù àti tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo ki kẹ́tù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Jẹnẹrétọ̀ ké, ó kú. Mo tún un fà, mo tún ki kẹ́tù bọ̀ ọ́. Nígbà kẹta, òórùn wáyà jíjó ló gbà mí nímú.

Oníṣẹ́ iná àdúgbò wa dojú kẹ́tù yẹn dé, ó ní kí n ka ohun tó wà nídìí rẹ̀: 2200 wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ mi ò ju 650 lọ. Ó ní, “Àbúrò, ẹrù ẹṣin lo dì lé ewúrẹ́ lẹ́yìn.” Owó tí mo fi tún wáyà inú rẹ̀ wé tó ra kẹ́tù mẹ́ta.

Ọ̀gá yẹn náà ló là mí lóye pé oru omi ló ń pa kẹ́tù oníná. Oru á gba ihò kan lọ bá irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi irin oríṣi méjì lẹ̀ pọ̀. Tó bá gbóná, ọ̀kan á fẹ̀ ju èkejì lọ, irin náà á tẹ̀, á sì gbá súwíìṣì pa. Tẹ́ ẹ bá ṣí ọmọrí sílẹ̀, òkè ni oru máa gbà lọ, kẹ́tù ò ní kú. Ẹni tá a jọ ń gbé máa ń ṣí i sílẹ̀ kó lè fi se ẹyin. Àṣé ìdí nìyẹn tí omi fi ń gbẹ mọ́ ọn!

Ìyá Ṣadé, Súrùlérè

Ẹ gbà mí, kí ni funfun tó lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tù mi? Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn họ ọ́ títí.

Ọmọ Mushin

Omi bọ́ọ̀hólù ni, mà. Ẹfun inú omi ló ń kù sílẹ̀ tó bá hó. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi, ẹ sè é, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù nínú rẹ̀. Á bọ́ fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ilé wa ò jìnnà sí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí wọ́n ṣí ní 1894. Kẹ́tù sílífà méjì ló wà nílé nígbà náà, wọ́n jọra bí ìbejì: ọ̀kan fún tíì, èkejì ni bútà tí màmá àgbà fi ń ṣe àlùwàlá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, àlejò dé, ó gbé èyí tó rí kaná. Wọ́n ti mu tíì débi tó dùn nígbà tí màmá àgbà jáde, tí wọ́n ń wá bútà fún ìrun Àsárì. Orí sítóòfù ni wọ́n ti rí i. Gbogbo wa dákẹ́. Ìyàwó bú sẹ́kún.

Màmá àgbà dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, “Òun ò mọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ lẹ ò sọ fún un.” Wọ́n ya aṣọ pupa, wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ bútà lójú gbogbo wa. Aṣọ yẹn wà lára rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Bútà oníke aláràbarà tó wà lọ́jà báyìí, kò sẹ́ni tó lè ṣì í gbé kaná.

Táyé, Ìkẹjà

Mo bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ ilé, ọmọ Ṣáínà ni wọ́n. Wọ́n ní ìkòkò tíì amọ̀ kan, pupa rẹ́súrẹ́sú, kò ju ọsàn lọ. Inú rẹ̀ ti dúdú, mo bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ́. Ọ̀gá gbé e sún mọ́ imú, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀ títí di alẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ṣàlàyé: ìlú Yixing, ní ìpínlẹ̀ Jiangsu, ni wọ́n ti ń mọ ọ́n. Wọn kì í fi nǹkan dídán kùn ún, nítorí náà, ó máa ń mu tíì sára. Tíì oríṣi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń rẹ nínú rẹ̀, omi gbígbóná ni wọ́n sì fi ń ṣan án. Ọṣẹ mi ti wọ̀ ọ́ lára. Ó dùn mí, torí ó yẹ kí n mọ̀. Àmù ìyá bàbá mi ńkọ́? Ta ló jẹ́ fi ọṣẹ kàn án?

Ìyá Ìbejì, Ẹbùtẹ́ Mẹ́ta

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù lánàá. Wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ màmá àgbà oníbútà yẹn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n ra ìkòkò tíì míì, wọ́n ní kí n má ṣèyọnu. Ọmọrí rẹ̀ ò fọ́. Agolo ṣúgà ni wọ́n fi ń dé báyìí.